Ẹ Má Tíì San Owó Bọ́ọ̀dù

"Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀dù ti kú o. Àfi kí ẹ ra òmíràn." Bí wọ́n ṣe sábà ń dá ẹni tó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò tàn mọ́ wá sí Sabon Gari tàbí òpópónà Beirut ní Kano lóhùn nìyẹn, oníbàárà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó kiri. Ẹ dúró ná. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti yẹ IC BIOS wò.

BIOS ni ètò tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń kà tí a bá ti tẹ bọ́tìnì rẹ̀, kó tó wá Windows lọ. Gary Kildall, ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní 1975. Inú IC, ṣíìpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan tí kò tó èékánná, ló sábà ń wà lóde òní. Bí ohun tí wọ́n kọ sínú IC yẹn bá dàrú, iná á tàn, fáànù lè máa yí, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà kò ní mọ́lẹ̀. Bọ́ọ̀dù kò kú rárá.

Kí ló ń dà á rú? Fáírọ́ọ̀sì lè ṣe é: ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin 1999, èyí tí wọ́n ń pè ní CIH pa BIOS ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ́ káàkiri àgbáyé. Ní tiwa, iná ọba ni mo kọ́kọ́ ń fura sí. Ẹnì kan ń fi BIOS tuntun rọ́pò ti àtijọ́, bátìrì tòkunbọ̀ rẹ̀ kò gba iná dúró mọ́, ni iná bá lọ láàárín iṣẹ́. Àbí ẹ ti gbàgbé oṣù kẹwàá 2024, nígbà tí wáyà tó ti Shiroro wá sí Kàdúná bàjẹ́, tí Kano àti púpọ̀ nínú Àríwá wà lókùnkùn fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá? Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí BIOS tuntun náà kò dí ihò tí olè lè gbà wọlé, tí kò sì wo àìsàn kan tó ń yọ yín lẹ́nu, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá di dandan, kí bátìrì kún, kí ínfátà sì wà nítòsí.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Wọ́n á fi kílíìpù gbá ẹsẹ̀ IC mú, wọ́n á so ó mọ́ CH341A, ẹ̀rọ kékeré tí kò wọ́n, wọ́n á sì tún un kọ láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí IC fúnra rẹ̀ bá ti jó, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á jó tuntun mọ́ bọ́ọ̀dù. (Láyé àtijọ́, ihò ló ń jókòó sí lórí bọ́ọ̀dù, ọwọ́ lásán la fi ń fà á yọ. Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ló pa ìyẹn tì, wọn kò sì ṣe wá lóore.) Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ológbọ́n ni. IC kan ń fẹ́ volt 3.3, òmíràn 1.8, ẹni tó bá ṣì í fún lè sun ún.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn oníṣẹ́ wa jà ni fáìlì. Ọ̀pọ̀ wọn a wa BIOS ẹlòmíràn jáde látinú íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n a kàn dà á lé ti oníbàárà lórí. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ kọ̀ǹpútà yín wà nínú IC yẹn, kọ́kọ́rọ́ Windows yín pẹ̀lú sì lè wà níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí fláàṣì yín kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Ó ku ti páásíwọ́ọ̀dù. Àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun a máa fi í ti BIOS kọ̀ǹpútà wọn pa kí olè má baà rí i lò, IC yìí kan náà sì ni wọ́n sábà ń tún kọ láti ṣí i. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà, tó sì gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Olè náà a máa wá. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ bá bi yín léèrè rìsíìtì, ẹ má bínú sí i. Ẹni tí kì í bèèrè rẹ̀ kò ní rí kọ̀ǹpútà tèmi ṣí.