Ohùn Òǹkọ̀wé Kò Gbọdọ̀ Bá A Wọ Ilẹ̀

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Nítòsí Ìkéjì-Arákejì, ẹ̀rọ náà dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ní òun gbọ́ ohùn kan tí ó pe òun ní orúkọ. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Kò sí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kankan lójú títì lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo ohun tí ayé mọ̀ nípa ohùn náà, ẹnu ẹni tí ó ní òun gbọ́ ọ ni ó ti wá. Ó rò ó fún àwọn ènìyàn, àwọn ènìyàn rò ó fún ẹlòmíràn, àwọn kan sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ní ọdún 2006, yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ṣí ilẹ̀kùn ní ìlú kan náà.

Ẹ̀sìn kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, bí kò ṣe ohùn. Ìkéjì-Arákejì, ìlú kan nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Oríadé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, di ìlú tí òkèèrè ń gbọ́ nípa rẹ̀ nítorí ohùn kan tí àwọn ènìyàn kò jẹ́ kí ìròyìn rẹ̀ sọnù. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ni ohùn àwọn akéwì àti àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ Yorùbá ń fẹ́ lónìí, kò sì rí i tó.

Àwọn àgbà òǹkọ̀wé ń lọ ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé. Adébáyọ̀ Fálétí, tí ó kọ Ọmọ Olókùn Ẹṣin, papò dà ní ọdún 2017. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí ó kọ Ó Le Kú, tẹ̀lé e ní ọdún 2018. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tí ó kọ Àjà Ló Lẹrù, lọ ní ọdún 2019. Ọlánrewájú Adépọ̀jù, ògbóǹtarìgì akéwì, lọ ní ọdún 2023. Ìwé wọn ṣì wà, ó sì yẹ kí wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ká ní ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkéjì-Arákejì ka Àjà Ló Lẹrù tán, tí ó fẹ́ gbọ́ bí Òkédìjí fúnra rẹ̀ ṣe ń ka ojú ìwé kan nínú rẹ̀, tí ó sì fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu bàbá náà ibi tí ó ti rí Lápàdé mú, níbo ni ọmọ náà yóò gbà lọ? Ta ni yóò bi? Olùkọ́ rẹ̀ pàápàá lè má mọ ibi tí yóò júwe fún un.

Àwọn kan yóò sọ pé ìwé ti tó, pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òǹkọ̀wé kí ó lọ ka iṣẹ́ rẹ̀. Èrò yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ bá èdè Yorùbá mu, nítorí pé nínú èdè yìí, ohùn wà lára ìtumọ̀. Igba kì í ṣe igbá, igbá kì í ṣe ìgbà, ìgbà kò sì jọ ìgbá. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi kọ gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ń kà lójoojúmọ́, láti orí pátákó ojú títì dé orí fóònù, ni kò ní àmì ohùn rárá. Kódà nígbà tí àmì bá pé, àmì kò lè sọ ibi tí akéwì ti mí, ibi tí ó ti sáré, tàbí ibi tí ó ti fi ẹ̀rín bo ẹkún mọ́lẹ̀. Ewì tí ẹni tí ó kọ ọ́ kò kà sí etí ẹnikẹ́ni dà bí ìlù tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri. Ó ṣeé wò, ṣùgbọ́n kò ṣeé jó.

Àwọn akéwì ni ó kọ́kọ́ mọ èyí. Adépọ̀jù àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ gbé ewì wọn sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n sì rí ọjà tí ó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí ohùn wọn fi wà nílé àwọn ènìyàn títí dòní. Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ kò rí irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ ohùn Fálétí dáadáa, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí Baba Ọ̀pálábá nínú fíìmù Ṣaworoidẹ ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Wọn kò mọ ohùn Fálétí tí ń ka ewì tirẹ̀, tí ó sì ń ṣàlàyé ohun tí ó sún un kọ ọ́. Ohùn akọni inú eré dára, àmọ́ kò dípò ohùn ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò tètè bá ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ pàdé. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ orin 43 fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ó kú ní ọdún 1930, ohùn rẹ̀ sì ṣeé gbọ́ títí di àkókò yìí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbà ọ̀tun dé. Ẹgbẹ́ Mbari bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1961. Ní ọdún 1962, Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ọdún kan náà ni Dennis Duerden bẹ̀rẹ̀ Transcription Centre ní Lọ́ńdọ̀nù, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti máa gba ohùn àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́-ọnà ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ rédíò.

Àǹfààní iṣẹ́ yẹn hàn kedere nínú ọ̀rọ̀ Christopher Okigbo. Ogun abẹ́lé pa akéwì náà ní ọdún 1967, kò sì tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n ṣáájú ikú rẹ̀, àwọn ènìyàn ti jókòó tì í pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, wọ́n ti bi í léèrè bí ó ṣe ń kọ ewì àti ìdí tí ó fi ń kọ ọ́. Nígbà tí ìwé African Writers Talking jáde ní ọdún 1972, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti Chinua Achebe, Wọlé Ṣóyínká àti àwọn mìíràn. Ìbọn kò lè pa ìyẹn.

Síbẹ̀, ohun méjì wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí ó jẹ ọmọ Yorùbá lọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bá àwọn òǹkọ̀wé inú ìwé náà sọ̀rọ̀. Èkejì ni pé àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ náà wà ní Yunifásítì Texas ní Austin, ní Amẹ́ríkà. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn àwọn tí ó ṣe é, nítorí ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wọn ni wọ́n ṣe, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ni ẹ̀rọ ni ó ń yan ìbéèrè, èdè ìbéèrè ni ó sì ń pààlà sí ohun tí ìdáhùn lè sọ. Òǹkọ̀wé tí ó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn yóò ṣàlàyé ohun tí òwe jẹ́ fún àlejò. Tí ó bá ń fi Yorùbá dáhùn fún ará ilé, kò ní ṣàlàyé òwe. Yóò pa á, yóò sì kọjá sí ohun tí ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn mìíràn ti rí ọgbọ́n tí ó yàtọ̀ dá. Ní ọdún 1943, Ilé Ìkówèésí Ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí gba ohùn àwọn akéwì àti òǹkọ̀wé láti ilẹ̀ Spéènì, Pọtogí àti Latin Amẹ́ríkà sílẹ̀. Èdè àwọn òǹkọ̀wé náà ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́ wọn. Pablo Neruda wà níbẹ̀, Gabriel García Márquez wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún sì wà pẹ̀lú wọn. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni sì lè tẹ́tí sí i láìsan kọ́bọ̀.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí irú iṣẹ́ yìí. Adébóyè Babalọlá, ọmọ Ìpetumodù, gba ohùn àwọn oníjàálá sílẹ̀, ó sì fi ohun tí ó gbọ́ kọ ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1966. Karin Barber gbé ní Òkukù láàárín ọdún 1974 sí 1977, ó gba oríkì sílẹ̀ lẹ́nu àwọn obìnrin ìlú náà. Ní Òṣogbo, ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí ń ṣe eré tí wọn kì í kọ sílẹ̀. Orí ìtàgé ni àwọn òṣèré ti ń hun ọ̀rọ̀ wọn. Barber àti Báyọ̀ Ògúndíjọ gba ohùn àwọn eré náà sílẹ̀, wọ́n dà á kọ, mẹ́ta nínú wọn sì di ìwé ní ọdún 1994. Bí kò bá sí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kì bá tí sí ìwé náà rárá. Ohun tí èyí fi hàn ni pé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lè di lítíréṣọ̀ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni òwe yìí ń kìlọ̀ fún, ṣùgbọ́n ó kan ẹni tí ń tọ́jú ohùn pẹ̀lú. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń ba téèpù jẹ́. Nígbà tí téèpù wọ́n lówó, àwọn ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n káàkiri ayé ń pa ohun tí ó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n lè tún un lò. BBC pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2019, UNESCO àti ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn olùtọ́jú àkọsílẹ̀ ohùn ké gbàjarè pé ẹ̀rọ tí ó lè gbọ́ téèpù àtijọ́ ti ń tán lọ, àti pé kí olúkúlùkù tètè da ohun tí ó ní sórí kọ̀ǹpútà. Téèpù tí ó bá wà nínú àpótí ẹnikẹ́ni ní Iléṣà tàbí Òṣogbo kò bọ́ lọ́wọ́ ìkìlọ̀ yìí.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò ní fóònù ti wá, gbogbo ènìyàn sì ń gba ohùn sílẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fóònù kì í ṣe ibi ìpamọ́. Olè lè gbé e, omi lè wọ̀ ọ́, ẹni tí ó ni ín sì lè pa fídíò rẹ́ kí ó lè rí àyè fún òmíràn. Ohùn tí kò ní orúkọ, tí kò ní ọjọ́, tí kò ní ìlú, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ojú ìwé tí wọ́n ń kà, ó ti di ọmọ òrukàn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀dọ́ ni ó ní fóònù, àgbà ni ó ní ọ̀rọ̀, ó sì yẹ kí ilé kan wà tí yóò so àwọn méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀rù tí ó tún tọ́ láti bà àwọn òǹkọ̀wé ni pé wọn yóò jí iṣẹ́ wọn tà. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe àwáwí, nítorí ọ̀pọ̀ akéwì ni àwọn ajínitẹ̀ ti sọ di tálákà. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 2022 fún ẹni tí ó ń ka iṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí ohùn rẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnì, kí ìwé àdéhùn ti wà nílẹ̀, kí owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ òǹkọ̀wé náà sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń pe àgbà wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó wá ń pe ìyẹn ní ìfẹ́ àṣà, ìrẹ́jẹ ni ó ń ṣe.

Ilé tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí kò ṣọ̀wọ́n. Yunifásítì wà ní Ìkéjì-Arákejì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Iléṣà di Yunifásítì Iléṣà ní ọdún 2022. Ibùdó Àṣà Àwọn Ènìyàn Dúdú àti Òye Àgbáyé wà ní Òṣogbo láti ọdún 2009, níbi tí àwọn àwòrán àti ìwé tí Ulli Beier kó jọ ti rí ilé. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù péré, kí wọ́n pe òǹkọ̀wé kan, kí ó ka iṣẹ́ rẹ̀ lójú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn alágbàṣe àti àwọn ìyá ọlọ́jà, kí ẹni tí ó ti ka ìwé náà bi í ní ìbéèrè lédè Yorùbá, kí wọ́n gbà á sílẹ̀, kí ẹ̀dà kan wà ní Ìkéjì, kí èkejì wà ní Òṣogbo. Bí òǹkọ̀wé náà bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kí wọ́n jẹ́ kí ó fi Ìjẹ̀ṣà dáhùn. Yorùbá àjùmọ̀lò ni ó pọ̀ jù nínú ìwé. Bí ẹ̀ka-èdè náà kò bá rí àyè nínú ìwé, ó yẹ kí ó rí i nínú ohùn.

Gbogbo Yorùbá ni ó mọ ìtàn bí Ìjẹ̀ṣà ṣe gba orúkọ Òṣómàáló. Oníṣòwò aṣọ yóò tà ní àwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Bí ọjọ́ bá pé, yóò lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, yóò sì sọ pé òun kò ní dìde títí òun yóò fi gba owó òun. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, láti inú ẹ̀ka-èdè ìlú kan, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ènìyàn gbé e títí ó fi di orúkọ ìran. Àwọn àgbà akéwì àti òǹkọ̀wé tí ó kù láyé ní ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ tí wọn kò tíì sọ tán, ìran tí ń bọ̀ ni ó sì ni ín. Ó yẹ kí àwọn ọmọ Òṣómàáló lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà wọn, pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ́wọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú.