Ẹ̀yin Ará Èbúté, Ẹ Jẹ́ Ká Béèrè Gáàsì Tí Kò Jò

Ẹ̀yin ará Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ èbúté Tin Can, ẹ̀yin ará Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì tí wọ́n ṣí èbúté tuntun sí lọ́dọ̀ ní 2023, èéfín ọkọ̀ òkun wọ̀nyí, àyà wa ló ń wọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ oṣù kẹwàá ọdún 1999 ni gáàsì olómi ti ń ti Bonny lọ sókè òkun. A kì í wà létí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Ọkọ̀ tó kó ìrẹsì àti àlìkámà wá bá wa yẹ kó lè ra gáàsì yẹn ṣe epo ẹ́ńjìn rẹ̀ ní Èkó, bí wọ́n ṣe ń rà á ní Rotterdam àti Singapore.

Kì í ṣe àlá. Wọ́n á mú gáàsì tutù títí dé ìwọ̀n Celsius 162 nísàlẹ̀ òdo, á di omi, á sún kì títí tí yóò fi ku ìdá kan nínú 600, á wá gba inú táńkì. Norway ti fi rìn láti ọdún 2000 pẹ̀lú Glutra, ọkọ̀ tó ń kó èrò àti mọ́tò sọdá omi. Ní 2020, CMA CGM Jacques Saadé, tó lè kó kọ̀ǹténà 23,000, bọ́ sójú òkun pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni IMO, àjọ tó ń ṣòfin ọkọ̀ òkun lágbàáyé, gé imí ọjọ́ inú epo ọkọ̀ láti 3.5 sí 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Gáàsì olómi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní imí ọjọ́ rárá, èéfín dúdú rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún wa bíi gbogbonìṣe. Methane ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tó bá yọ́ gba inú ẹ́ńjìn kọjá láìjóná máa ń mú ayé gbóná ju carbon dioxide lọ ní ìlọ́po 80 ó lé láàárín 20 ọdún. Irú ẹ́ńjìn ló sì ń pinnu bó ṣe ń yọ́ tó. Nínú òfin FuelEU tí Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2025, wọ́n ka ohun tó ń yọ́ nínú irú ẹ́ńjìn kan sí 3.1 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n ka ti irú mìíràn sí 0.2. Gáàsì kan náà ni o! Ọlọ́jà kì í sábà dárúkọ èyí fún oníbàárà.

Àwọn kan ní ká dúró de ọkọ̀ tó ń lo hydrogen. Ọkọ̀ tó ń wọlé lọ́sẹ̀ yìí kò dúró.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ èbúté, ẹ̀yin baálẹ̀ etí òkun, ẹ kọ̀wé sí NPA tó ń bójú tó èbúté àti NIMASA tó ń bójú tó ìrìnnà ọkọ̀ òkun kí oṣù yìí tó tán. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n á ti máa ta gáàsì olómi fún ọkọ̀, kó sì jìnnà sí ilé àti ọjà. Ẹ ní kí wọ́n dín owó èbúté kù fún ọkọ̀ tí ẹ́ńjìn rẹ̀ kì í jò, kí èyí tó ń jò má sì rí ẹ̀dínwó kankan. Kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ wọn ohun tó ń yọ́, kí wọ́n lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà èbúté, níbi tí awakọ̀ tírélà á ti kà á. Ẹ kó orúkọ àti ìfọwọ́sí jọ. Bí wọn ò bá fèsì, ẹ gbé e tọ aṣojú yín lọ ní Àbújá, ẹ sì pe oníròyìn dání.