Wọ́n Jó Fún Ṣọ́jà, Ajáṣin Wọ Àhámọ́

Ẹ bi àwọn àgbà Àkúrẹ́ àti Òǹdó léèrè oṣù kẹjọ, ọdún 1983. Akin Ọmọ́bọ́ríowó, tó ti ṣe igbákejì gómìnà lábẹ́ Adékúnlé Ajáṣin kó tó sá wọ NPN, ni FEDECO kéde pé ó wọlé. Hàà! Ìgboro gbóná, iná ń jó ilé. Wọ́n pa Ọláìyá Fágbàmígbé, ọkùnrin tó ń tẹ̀wé l'Ákùúrẹ́. Ta ló máa ní ìyẹn dáa? Ṣùgbọ́n ìbò tí wọ́n fọwọ́ ara wọn dì, wọn ò gbà kí wọ́n jí i lójú wọn.

Ilé ẹjọ́ dá ipò padà fún Ajáṣin. Kò pẹ́ rárá, nígbà tó di December 31, ṣọ́jà gbàjọba. Inú àwọn èèyàn dùn, wọ́n ní Ọlọ́run ti bá wọn mú NPN. Àṣé ṣọ́jà ò bèèrè ẹni tí wọ́n jà fún! Ajáṣin, bàbá ẹni ọdún 75, bá ara ẹ̀ ní àhámọ́. Ìgbìmọ̀ tí ológun fúnra wọn gbé kalẹ̀ ní kò jẹ̀bi, síbẹ̀ ìjọba Buhari àti Idiagbon ò tú u sílẹ̀. Shagari tó ni NPN ńkọ́? Inú ilé ni wọ́n sé òun mọ́ n'Íkòyí.

Nígbà tí ṣọ́jà tún fagi lé ìbò June 12, 1993, Ajáṣin yìí kan náà, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ló ṣáájú NADECO. Ó kú ní October 1997. Ṣọ́jà ò kúrò lórí àga títí di May 1999.