Owó Pọ́ọ́kú Kọ́ Ló Ń Mú Oníbàárà Wá

Ìwé pẹlẹbẹ fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń fọ fèrèsé ní Lọ́ńdọ̀nù àti agbègbè rẹ̀

Ìmọ̀ràn kan wà tí a máa ń fún ẹni tuntun nínú iṣẹ́ yìí. Bó bá ti ra báàkẹ́tì rẹ̀ tán báyìí, wọ́n á ní kó lọ dín owó. Wọ́n á ní àlejò ni, pé bí àwọn tó ti wà ládùúgbò bá ń gba £12, kí òun gba £7, kó wá wo bí àwọn èèyàn ṣe máa wọ́ tọ̀ ọ́. Mo gbọ́ ọ ní Peckham, mo gbọ́ ọ ní Woolwich, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún. Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: irọ́ ni. Irọ́ yìí ti lé ọ̀pọ̀ ọmọ wa kúrò nídìí iṣẹ́ tó lè bọ́ wọn, kó sì bọ́ ilé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọjọ́ iṣẹ́ kan. Ká ní ojúlé méjìlá lẹ fọ̀, tí ojúlé kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ £8. Gbogbo rẹ̀ £96. Ẹ yọ owó epo ọkọ̀, owó ibi tẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ sí, ìpín ọjọ́ náà nínú owó adójútòfò, àti owó rọ́bà àti asẹ́ omi tó ń gbó lójoojúmọ́. Ká fi gbogbo ìyẹn sí £25. Ó ku £71. Lórí gíláàsì nìkan, ẹ lè fi wákàtí mẹ́fà ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ ti kó omi sọ́kọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ wakọ̀ lọ, ẹ wakọ̀ bọ̀, ẹ tún jókòó lálẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí kò tíì sanwó. Wákàtí mẹ́sàn-án ti lọ. Ẹ pín £71 sọ́nà mẹ́sàn-án, kò pé £8 ní wákàtí kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, owó tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ tó ti pé ọmọ ọdún 21 ní ilẹ̀ yìí di £12.21 ní wákàtí kan. Ẹni tó ń to ọjà ní súpámákẹ́ẹ̀tì kì í gbà dín sí ìyẹn, ó sì tún ní ọ̀sẹ̀ 5.6 ìsinmi lọ́dún tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un. Ta ló ń san ti ìsinmi tiyín? Lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn bá ń dùn yín tẹ́ ò lè dìde, ta ló ń sanwó?

Ẹ wá wo apá kejì. Ká ní £14 lẹ̀ ń gbà. Ojúlé méje péré ti di £98. Ìyẹn ni pé bí márùn-ún nínú àwọn méjìlá bá tìtorí owó kọ̀ yín sílẹ̀, ohun tó wọlé ṣì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ó sì ti délé kí àwọn ọmọ tó ti ilé ìwé dé. Mo máa ń fẹ́ kí ẹni tó ń sọ pé kéèyàn dín owó fi ìwé àti bírò dá mi lóhùn lórí ìṣirò yìí.

Ṣé oníbàárà tiẹ̀ ń wá owó pọ́ọ́kú? Mo ti kan ilẹ̀kùn tó pọ̀. Ohun tí ìyá àgbà tó bá ṣílẹ̀kùn sábà máa ń bi mí ni pé, ṣé mo máa padà wá? Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ fún un tẹ́lẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì, kò tún rí i mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rò pé ó lé ẹni yẹn lọ? Owó tó ń gbà kò tó o gbé. Ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, kò rówó tún un ṣe, ó wá ń wá iṣẹ́ alẹ́ kiri. Oníbàárà ń fẹ́ ẹni tó máa dé lọ́jọ́ tó dá, tó máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kó lè ṣí géètì ẹ̀yìn sílẹ̀, tó sì máa ti géètì náà padà kí ajá má bàa jáde. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, wọn kì í tìtorí £3 lé e.

Owó pọ́ọ́kú tún ń ba iṣẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́. Ẹfun pọ̀ nínú omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wo inú kẹ́tùlù yín, ẹ ó rí i. Bí ẹ bá gbé irú omi bẹ́ẹ̀ gba inú ọ̀pá gígùn olómi fọ gíláàsì, tí oòrùn sì gbẹ ẹ́, tó-tò-tó funfun á kún ojú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ń sẹ́ omi náà títí mítà kékeré tá a ń tì bọ̀ ọ́, tó ń wọn ohun tó yọ́ sínú omi, á fi ka òdo. Bó bá ti ń kọjá 10, àmì á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú gíláàsì. Èròjà inú asẹ́ náà ń tán, kíákíá ló sì ń tán níbi tí ẹfun bá pọ̀ sí. Ẹni tó ń gba £14 á pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń gba £7 á wo mítà, á rí 20, á ní kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, oníbàárà ti ya fọ́tò gíláàsì rẹ̀ ránṣẹ́.

Rọ́bà squeegee náà ńkọ́? Ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tọ́ etí rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bó bá ń yọ̀ lọ gbẹẹrẹ, ó dáa. Bí èékánná bá kọ́ níbì kan, ibẹ̀ ni ìlà omi tẹ́ẹ́rẹ́ á ti máa jáde ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fà á wálẹ̀, kò sì sí aṣọ tó máa nù ún tán. Ẹ yí i padà kẹ́ ẹ lo ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ìyẹn náà bá ti kú, ẹ jù ú nù. Rọ́bà tuntun kò tó nǹkan, àmọ́ mo ti rí ẹni tó ń fi rọ́bà tó ti ya ṣiṣẹ́ fún odindi oṣù nítorí pé kò rí £2 yọ nínú èrè rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irinṣẹ́ dẹ́rù bà yín. Ní ọdún 1936 ni Ettore Steccone, ọmọ Ítálì tó ṣí lọ sí Oakland ní California, gba ìwé àṣẹ lórí squeegee onídẹ tó fúyẹ́, tó ní ẹyọ rọ́bà kan ṣoṣo. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀. Òun, aṣọ ìfomi, báàkẹ́tì, ọṣẹ ìfọ-abọ́ díẹ̀, àti aṣọ ìnu-gíláàsì: gbogbo rẹ̀ kò tó £100, wọ́n sì tó bẹ̀rẹ̀ lórí ṣọ́ọ̀bù àti fèrèsé ìsàlẹ̀. Ọ̀pá olómi ló tẹ̀ lé e, nígbà tí oníbàárà bá ti tó. Fáàn tó ní táǹkì ló gbẹ̀yìn, ẹ má sì yáwó rà á kí ojúlé yín tó pọ̀. Omi lítà 350 wúwo tó kílò 350. Bí táǹkì kò bá wà ní dídè mọ́ ara ọkọ̀ dáadáa, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, ẹ̀yìn yín ló ń bọ̀. Wọ́n tún máa ń sọ pé òfin ti ka àkàsọ̀ léèwọ̀. Òfin iṣẹ́ ibi gíga ti ọdún 2005 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé bí ẹ bá lè ṣe é láti ilẹ̀, ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí.

Bí a ṣe ń dá iye lé iṣẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ àkókò. Ẹ pinnu ohun tí wákàtí yín gbọ́dọ̀ mú wọlé lẹ́yìn ìnáwó, kẹ́ ẹ sì fojú wọn iye ìṣẹ́jú tí ilé náà máa gbà, àti ìrìn tó wà láàárín rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ojúlé £10 mẹ́ta lójú pópó kan sàn ju ojúlé £15 mẹ́ta lọ bí wọ́n bá wà ní ìlú mẹ́ta. Ẹ má kàn ka fèrèsé. Fèrèsé tí wọ́n gé sí ojú wẹ́wẹ́ máa ń jẹ àkókò squeegee, ṣùgbọ́n lábẹ́ ọ̀pá olómi kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó fẹ̀. Yàrá onígíláàsì ẹ̀yìn ilé ní owó tirẹ̀, òrùlé rẹ̀ sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Fífọ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wọ́n ju èyí tó máa tẹ̀ lé e, ó lè tó ìlọ́po méjì, nítorí ìdọ̀tí ọdún púpọ̀ tó wà létí férémù kò ní yéé ṣàn wálẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún oníbàárà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Àwọn kan á ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin mọ èdè wọn. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ta ló máa san £14 fún mi?" Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń dùn mí jù. Ojú gíláàsì kò mọ ẹni tó dé lánàá. Bí a bá ti fúnra wa gbà pé ọwọ́ tiwa kò tó ọwọ́ ẹlòmíì, oníbàárà á gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú wa. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, àwọn òyìnbó náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin, mo fi kún un ni. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá iṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀, bó ti wù kí owó náà kéré mọ. Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́, tí owó tó wọlé fún un bá ti ju £1,000 lọ nínú ọdún owó orí kan, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún owó orí kí ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá tó tẹ̀ lé ọdún náà tó kọjá. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Scotland, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọ fèrèsé ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà ní £7, ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹ má fi kún owó gbogbo wọn lọ́jọ́ kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tí ilé wọn jìnnà jù, ẹ kọ̀wé sí wọn ní oṣù kan ṣáájú pé £12 ni láti ìgbà tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ má sì tọrọ àforíjì nínú ìwé náà. Ẹni tó bá ní òun ò san, ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ fi àyè rẹ̀ wá ojúlé míì lójú pópó tẹ́ ẹ ti wà tẹ́lẹ̀.