Kì í ṣe ayé ló tì í látorí àkàbà

1. Tí ẹnìkan bá jábọ́ látorí àkàbà ní fákitírì, ohun tá a kọ́kọ́ máa ń sọ ni "iṣẹ́ ayé ni" tàbí "bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn." Èmi ò gbà o.

2. Ẹ wo iléeṣẹ́ oúnjẹ fúnra ẹ̀. Òróró ń kán sílẹ̀, ìyẹ̀fun ń fò, wọ́n sì ń fomi fọ ilẹ̀ torí ìmọ́tótó. Ẹni tó fi bàtà rọ́bà tẹ gbogbo ìyẹn náà ló máa gun àkàbà lọ wo orí táńkì. Ṣé ó wá dìgbà tí àjẹ́ bá tì í kó tó yọ̀?

3. Òfin àkàbà ò le. Tí ibi tó fara tì bá ga tó fíìtì 4, kí ìdí ẹ̀ fi fíìtì 1 jìnnà sí ògiri. Tó bá jẹ́ 12, kó jẹ́ 3. Kí wọ́n so orí ẹ̀ mọ́ nǹkan tó dúró ṣinṣin. Kí ẹni tó ń gùn ún má gbé ẹrù dání.

4. "Òṣìṣẹ́ ni ò ṣọ́ra." Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, àwọn kan kì í ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ta ló ń pariwo pé kó ṣe kíá, pé ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ dúró? Ta ló gbé àkàbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti jẹ fún un? Ibi téèyàn ń gùn lójoojúmọ́, àtẹ̀gùn onírin tó ní ibi ìdìmú ló yẹ kó wà níbẹ̀.

5. Èyí tó dùn mí jù ni ti kázúà. Itan ẹ̀ ṣẹ́, wọ́n fún un lówó ọkọ̀, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ẹlòmíì ti wà lórí àkàbà yẹn.

6. Ẹ gbọ́ o: ní Nàìjíríà, òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ò yọ kázúà sílẹ̀. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ fún NSITF. Tó o bá farapa, sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14. Òun náà gbọ́dọ̀ fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ọdún 1 lo ní láti béèrè owó gbà-máà-bínú.

7. Torí náà, ẹ̀yin ẹbí, tí wọ́n bá gbé e délé, àdúrà dáa, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ kọ lẹ́tà kí ọjọ́ 14 tó pé. Kí ẹnìkan níbiṣẹ́ sì ya fọ́tò àkàbà náà kí wọ́n tó gbé e pamọ́.