Bí Firefox Bá Ń Kú Lójijì, Ta Ni Ó Jẹ̀bi?

   

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kí ìyá àgbà tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí má ṣe sọ pé kò kan òun, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn ni pẹ̀lú, kò sì sí ilé tí ẹ̀sùn kì í wọ̀.

Ní mọ́sálásí wa, a ní kọ̀ǹpútà kan tí ẹnì kan fi ta wá lọ́rẹ. Ó ti dàgbà díẹ̀; ìrántí rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní RAM, kò ju gígábáìtì 4 lọ. Ubuntu ni a fi sí i. Ubuntu jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux, iṣẹ́ tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Fínlándì, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, a kì í sì í sanwó kí a tó lò ó. Firefox ni búráúsà tí ó bá a wá, òun ni ilẹ̀kùn tí a ń gbà wọ íntánẹ́ẹ̀tì.

Akọ̀wé àwọn Alásàlátù wa a máa fi í kọ orúkọ àwọn tí ó san owó àgbò Iléyá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí ó ti ń kọ ọ́ lọ, ṣàdédé ni Firefox pòórá lójú rẹ̀. Ó tún un ṣí, ó tún pòórá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a wá ka orúkọ jáde, àwọn ìyá méjì tí ó ti sanwó kò gbọ́ orúkọ tiwọn, ariwo sì sọ.

Ta ni a dá lẹ́bi? Ọmọkùnrin kan ní iléekéwú wa ni, ọmọ ọdún 14, aláìníbàbá tí ó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀. Òun ni ó máa ń gbá yàrá náà, ó sì máa ń fi kọ̀ǹpútà yẹn kàwé lẹ́yìn ìrun Àsárì. A ní òun ni ó kó àrùn bá a. Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ìyá rẹ̀ àgbà kò bá wa jà. Ó kàn dẹ́kun wíwá sí Àsàlátù ni.

Nígbà tí ó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ wà nílé, Firefox sì ń kú bí ó ti ń kú. Ojú tì mí. Mo ránṣẹ́ pè é, mo ní, "Ọmọ mi, jókòó. Kí ni o rò pé ó ń ṣe é?" Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Àfáà, ẹ jẹ́ kí a bi kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ léèrè." Ẹ gbọ́ bí a ti ṣe bi í, kí ẹ̀yin náà lè ṣe é nílé yín.

Èkínní, ẹ wò ó bóyá Firefox nìkan ni ó ń kú. Bí gbogbo kọ̀ǹpútà bá ń dákú, tí àwọn iṣẹ́ mìíràn náà ń pòórá, ẹ má tíì mú Firefox. Ó lè jẹ́ RAM ni ó bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ ooru ni ó pọ̀ jù.

Èkejì, ẹ pa Firefox pátápátá, kí ẹ tún un ṣí. Nígbà mìíràn, tuntun rẹ̀ a ti wọlé sórí ẹ̀rọ nígbà tí ògbólógbòó ṣì ń ṣiṣẹ́ lójú yín, àwọn méjèèjì kò sì ní lè gbé pọ̀. Ẹ sì rí i pé èyí tí ẹ ń lò jẹ́ tuntun. Láti Ubuntu 22.04, tí ó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2022, irú Firefox tí wọ́n ń pè ní snap ni ó ń bá a wá. Àṣẹ tí a ó kọ sínú Terminal, fèrèsé tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ni:

sudo snap refresh firefox

Ẹ̀kẹta, ẹ wo àyè. Bí ẹ bá kọ df -h, ẹ ó rí bí ibi ìpamọ́ ti kún tó. Bí ó bá ti kún dé 100%, kò sí ibi tí Firefox yóò kọ nǹkan sí. Bí ẹ bá kọ free -h, ẹ ó rí RAM. Iye tí ó wà lábẹ́ available ni ó ṣẹ́ kù fún yín. Nígbà tí RAM bá fẹ́ tán, Linux kì í jẹ́ kí gbogbo ilé wó. Ó máa ń yan ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń jẹ àjẹjù, ó sì máa ń pa á kí àwọn yòókù lè yè. Ṣùgbọ́n kì í pa á ní ìkọ̀kọ̀, a máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà, ẹ kọ èyí láti ka ohun tí ó kọ láti ìgbà tí ẹ ti tàn án:

journalctl -b | grep -i oom

Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti tẹ òdodo. Orúkọ Firefox wà níbẹ̀ gbangba, pẹ̀lú wákàtí tí wọ́n pa á. Ọmọ náà wá kọ about:processes sí ibi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí nínú Firefox, ó sì fi ojú ewé tí ó ń jẹ ìrántí jù hàn wá. Ojú ewé wàásù onífídíò ni, márùn-ún. Èmi ni mo ń ṣí wọn lẹ́yìn ìrun Súbúhì, tí n kò sì í pa wọ́n dé. Bí a bá tún Firefox ṣí, gbogbo wọn a tún bá a padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni olè tí a ń wá kiri ṣe jẹ́ Àfáà.

Ẹ̀kẹrin, bí kò bá jẹ́ àyè, ẹ lọ sí ìlà mẹ́ta tí ó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ tẹ Help, kí ẹ sì tẹ Troubleshoot Mode. Bí kò bá tilẹ̀ ṣí rárá, ẹ kọ firefox --safe-mode sínú Terminal. Níbẹ̀, gbogbo àfikún tí a so mọ́ Firefox yóò sùn. Bí kò bá kú mọ́, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀daràn. Bí inú bá ń run ọmọ, ìyá ọlọ́gbọ́n a dá àwọn oúnjẹ dúró, a sì máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe nínú about:addons. Bí àfikún kò bá jẹ̀bi, ẹ lọ sí Settings, General, Performance, kí ẹ yọ àmì kúrò lójú Use recommended performance settings, àti lójú Use hardware acceleration when available tí yóò yọjú lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ pa Firefox, kí ẹ kọ firefox -P, kí ẹ sì dá profile tuntun sílẹ̀. Profile ni àpótí tí Firefox ń kó àwọn àmì ìwé àti ọ̀rọ̀ ìwọlé yín sí. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá àpótí àtijọ́ nínú about:support, kí ẹ dà á kọ sí ibòmíràn. Ẹ má sì ṣe tẹ Delete Files, nítorí ẹyin tó bá fọ́ kì í ṣe é kó jọ.

Ní ti àwọn ìyá méjì yẹn, tákàdá ni ó gbà wá: akápò ti kọ orúkọ wọn sínú ìwé rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó bá kan owó ẹlòmíràn, ẹ má fi sí ojú kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, mo bẹ ọmọ náà lójú gbogbo èèyàn, nítorí ojú gbogbo èèyàn ni mo ti dójú tì í. Mo sì lọ bá ìyá rẹ̀ àgbà nílé. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Àfáà, ó ti tán. Kọ́kọ́rọ́ ọmọ mi dà?" Mo yọ ọ́ lápò, mo fi lé ọmọ náà lọ́wọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́hun ti kìlọ̀ fún wa nínú Súrà Hujurat nípa àbá burúkú sí ọmọnìkejì. Mo ti ka súrà náà fún àwọn ọmọ iléekéwú láìmọye ìgbà, kọ̀ǹpútà ni ó wá kọ́ mi ní ìtumọ̀ rẹ̀. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a fi ẹ̀bi wa ru aláìṣẹ̀. Àmín.