Etí Kan Kò Tó Nínú Ariwo

Ẹ̀sùn kan wọ́pọ̀ tí àwọn òbí ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ìdálẹ̀ fi ń kan ọmọ wọn: pé alágídí ni, pé a pè é títí kò dáhùn. Olùkọ́ a ní kò fi ọkàn sí ẹ̀kọ́. Òbí a sì fi ìgbátí lé e. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe àgídí ni ó ń ṣe ọmọ náà. Etí rẹ̀ kan ni ó ti kú, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò sì mọ̀.

Àwọn kan a máa wí pé etí kan ṣoṣo tó ènìyàn láti fi gbọ́ràn. Òótọ́ ni, bí ibi gbogbo bá pa rọ́rọ́. Inú ariwo ni a ti ń mọ ìwúlò etí kejì. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni etí méjèèjì rí. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ lápá ọ̀tún, ohùn rẹ̀ a kọ́kọ́ dé etí ọ̀tún kí ó tó dé ti òsì. Àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, síbẹ̀ ọpọlọ ń mọ̀ ọ́n. Orí pẹ̀lú a máa dí ariwo tí ó ti apá kan wá lọ́nà, tí yóò fi dín kù ní etí kejì. Ìyàtọ̀ wọ̀nyí ni ọpọlọ fi ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, tí ó sì fi ń ṣa ọ̀rọ̀ kúrò nínú ariwo, bí ìyàwó ilé ti ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

Ní 1953, Colin Cherry, olùkọ́ ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé ìwádìí jáde lórí èyí. Ó mú kí àwọn ènìyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì tí ẹnì kan náà sọ, lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí a pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, ó nira fún wọn púpọ̀ láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí ọ̀kan wọ etí ọ̀tún tí èkejì wọ etí òsì, wọ́n tẹ̀lé èyí tí wọ́n fẹ́ pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ará ìdálẹ̀ gidigidi, nítorí pé nínú ariwo, èdè tí kì í ṣe ti abínibí ṣòro láti gbọ́ ju èdè ìyá ẹni lọ. Ọmọ Yorùbá tí ó wà nínú kíláàsì tí èrò kún ní Kánò, tí ó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu olùkọ́ àti Haúsá lẹ́nu ẹgbẹ́ rẹ̀, nílò etí rẹ̀ méjèèjì. Àgbà pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀: bí a bá kí i ní apá tí kò gbọ́ láàárín ọjà Sabon Gari, wọn a ní ìgbéraga ni kò jẹ́ kí ó dáhùn.

Àwọn ohun tí ń pa etí kì í ṣe àjèjì: ṣegede tí ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, àrùn yírùnyírùn tí ń jà ní Òkè Ọya nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti etí tí ń ṣọyún tí a kò tọ́jú. Ìgbátí náà lè fa awọ inú etí ya. Ìyà tí a fi jẹ ọmọ nítorí pé kò gbọ́ lè ba ìwọ̀nba èyí tí ó ń gbọ́ jẹ́.

Nítorí náà, ó yẹ kí òbí ṣe àkíyèsí. Ọmọ tí a pè láti ọ̀tún tí ó ń wo òsì, tàbí tí kì í gbé tẹlifóònù sí etí kejì láéláé, yẹ kí ó rí dókítà etí. National Ear Care Centre ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Kàdúná fún irú iṣẹ́ yìí. Kí olùkọ́ sì mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó níwájú, kí etí rẹ̀ tí ó yè kọjú sí olùkọ́, kí èyí tí ó kú wà ní apá tí ariwo wà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára pẹ̀lú kò gbọdọ̀ fo ọmọ kankan.

Kí a tó pe ọmọ ní alágídí, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó gbọ́.